Bonaire, Cozumel àti Maldives: ẹ̀yìn Bonaire ni mo wà

Ọjọ́ Àìkú, alẹ́

Àbúrò mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí ìwẹ̀ abẹ́ òkun, èyí tó fàyè gbà á láti sọ̀kalẹ̀ dé mítà 18. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ló bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, níbo ni kí n kọ́kọ́ lọ?” Kí n tó la ẹnu, ó ti kìlọ̀ fún mi: kí n má ka orúkọ erékùṣù mẹ́wàá sí òun létí, ibì kan ṣoṣo ni kí n dá. Mo ní Bonaire, erékùṣù kékeré kan nínú òkun Kàríbíà. Ó yà á lẹ́nu, torí ó ti rò pé Maldives, àwọn erékùṣù inú Òkun Íńdíà, ni màá dárúkọ. Ó ti lọ tán, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi, ìyẹn ni mo fi jókòó kọ ọ́.

Cozumel ní Mẹ́síkò rẹwà, ẹnikẹ́ni ò lè bá mi jiyàn ìyẹn. Omi ibẹ̀ ń ṣàn ni. Ọkọ̀ á já yín sílẹ̀ ní ọ̀kánkán òkìtì iyùn, ìyẹn ẹ̀dá ẹlẹ́mìí abẹ́ òkun tó le bí òkúta, bóyá Palancar, bóyá Santa Rosa, ìṣàn omi á sì gbé yín lọ. Awakọ̀ á máa tẹ̀ lé èéfọ́fọ̀ èémí yín lójú omi títí ẹ ó fi yọrí síbòmíràn. Ẹsẹ̀ ò ṣiṣẹ́ kankan. Ògiri Santa Rosa sì já wálẹ̀ sínú àwọ̀ aró tí ojú ò lè rí ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá wò ó tí àyà rẹ̀ ò já, kó lọ yẹ ojú wò. Àbùkù ibẹ̀ kò ju pé ẹ ò lè dúró. Ẹja kan wà tó sọ Cozumel di olókìkí lẹ́nu àwọn òmùwẹ̀, splendid toadfish, ẹja olórí pẹlẹbẹ, onírùngbọ̀n, tí etí lẹbẹ́ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè. Abẹ́ iyùn ló máa ń lúgọ sí. Afinimọ̀nà tan tọ́ọ̀ṣì sí i fún mi, n kò tíì rí i tán tí omi fi gbé mi kọjá. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn wọ dánfó, tó ń pariwo “ó wà o”, tí awakọ̀ ò gbọ́.

Ní ti Maldives, ẹranko ńlá là ń bá lọ síbẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù Karùn-ún sí oṣù Kọkànlá, afẹ́fẹ́ àti ìṣàn omi máa ń kó àwọn ohun ẹlẹ́mìí wínníwínní jọ sínú Hanifaru, ìyawọlẹ̀ omi kan ní Baa Atoll, ọ̀kan lára àgbájọ erékùṣù ibẹ̀, àwọn mántà, ẹja pẹlẹbẹ ńlá tí apá rẹ̀ dà bí ìyẹ́, á sì ya wá jẹ wọ́n. Apá mántà kan lè fẹ̀ ju mítà 3 lọ. Wọn á la ẹnu gbàgàdà, wọn á máa yí po, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: wọn ò jẹ́ kí èèyàn gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ wọ Hanifaru. Ojú omi lẹ ó ti máa wò wọ́n. Òfin yẹn dára, mo fara mọ́ ọn, torí èéfọ́fọ̀ wa lè da oúnjẹ wọn rú. Níbòmíràn tí sílíńdà ti bófin mu, ẹnu ọ̀nà láàrin àwọn erékùṣù ni ṣáàkì pọ̀ sí, ìṣàn omi ibẹ̀ sì lágbára. Kì í ṣe ibi tí n óò rán ẹni tó ṣì ń wo ọwọ́ aago afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú.

Bonaire wá ńkọ́? Ẹ ó háyà pikọ́ọ̀pù, ẹ ó kó sílíńdà sẹ́yìn, ẹ ó máa wa ọkọ̀ lọ létí òkun. Ibi tí ẹ bá ti rí òkúta tí wọ́n fi ọ̀dà yẹ́lò kọ orúkọ sí, ibi ìwẹ̀ nìyẹn. Ẹ páàkì, ẹ wọṣọ, ẹ fẹsẹ̀ ara yín rìn wọnú omi. Kò sí ọkọ̀ tó ń dúró dè yín, kò sí ẹni tó ń lu agogo. Ó wù mí kí n fi gbogbo àkókò mi wo iyùn kan ṣoṣo, mo ti ṣe é rí, ẹnì kankan ò sì bi mí pé kí ló dé. Òkìtì iyùn bẹ̀rẹ̀ nítòsí etíkun, èèyàn ò sì nílò kó jìn púpọ̀ kó tó rí nǹkan. Afẹ́fẹ́ inú sílíńdà náà á pẹ́: ní mítà 10, agbára tí omi àti afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ wá jẹ́ ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀, ní mítà 30 ó di ìlọ́po mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ náà ni èémí kọ̀ọ̀kan ṣe ń jẹ afẹ́fẹ́ tó. Kódà Hilma Hooker, ọkọ̀ òkun tí wọ́n bá igbó nínú rẹ̀, tó sì rì ní 1984, ẹ̀gbẹ́ ló fi lélẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 30. Ẹni tó bá dúró sí mítà 18 ṣì lè rí i.

Omi ibẹ̀ mọ́ nítorí pé erékùṣù náà gbẹ, kò ní odò tí ń kó ẹrẹ̀ dà sínú òkun. Èmi tí mo dàgbà létí ọ̀sà Èkó, tí èèyàn ò lè rí ọwọ́ ara rẹ̀ nínú omi, mo mọ iyì ìyẹn. Ìyá mi ṣì ń sọ pé ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. N kì í bá wọn jiyàn.

Ṣùgbọ́n ibi kan wà ní gúúsù Bonaire tí mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún àbúrò mi. White Slave lorúkọ ibi ìwẹ̀ kan, Red Slave lorúkọ èkejì. Àwọn ahéré òkúta tò létí omi níbẹ̀, 1850 ni wọ́n kọ́ wọn fún àwọn ẹrú tí ń wa iyọ̀. Ọ̀nà ìlú Rincon tí ẹbí wọn ń gbé jìn tó ìrìn ọ̀pọ̀ wákàtí, nítorí náà inú ahéré wọ̀nyí ni wọ́n ń sùn láàrin ọ̀sẹ̀. Ẹnu ọ̀nà wọn kò ga ju ìbàdí mi lọ. 1863 ni ìjọba Nẹ́dálándì, tó ń ṣàkóso erékùṣù náà, tó dá wọn sílẹ̀. Àwọn òyìnbó tí a jọ ń wẹ̀ a máa ya fọ́tò níbẹ̀, wọn á sì gbé sílíńdà wọn. Èmi rákò wọ ọ̀kan, mo jókòó sórí ilẹ̀ rẹ̀, ooru ọ̀sán sì bò mí. Awọ ara mi nìkan ló jọ ti àwọn tó sùn níbẹ̀ nínú gbogbo ẹgbẹ́ wa lọ́jọ́ náà. Wọ́n ṣì ń kó iyọ̀ jáde ní erékùṣù náà títí dòní, abẹ́ àwọn òpó afárá tí wọ́n ti ń dà á sọ́kọ̀ sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tó dára jù láti wẹ̀: ẹja rẹpẹtẹ, iyùn lára irin. Bí ọkọ̀ iyọ̀ bá gúnlẹ̀, ìwẹ̀ ò sí. Ibẹ̀ ló wù mí jù ní gbogbo àgbáyé, ara mi ò sì balẹ̀ pé ó wù mí bẹ́ẹ̀.

Mo tún ní kí àbúrò mi má sún ìrìn àjò náà síwájú, ìdí rẹ̀ sì ni àrùn iyùn kan. Ní Florida ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 2014, ó dé Cozumel ní 2018, ó sì dé Bonaire ní 2023. Ẹran ara iyùn á ṣí kúrò, egungun funfun á yọ síta, iyùn tó ti pẹ́ ju ẹ̀mí bàbá ńlá ẹni lọ á kú láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Maldives ò bọ́ lọ́wọ́ tirẹ̀, ooru òkun ti pa iyùn rẹ̀ lára ní 1998, 2016 àti 2024. Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp: kó máa rẹ aṣọ àti gíláàsì ojú rẹ̀ sínú omi oògùn apakòkòrò láàrin ibi ìwẹ̀ kan sí èkejì, kó fi ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ nílé torí wọn ò gbà á ní Bonaire, kó sì fi ó kéré tán wákàtí 18 sílẹ̀ láàrin ìwẹ̀ ìkẹyìn àti bàálù.