Òpó Igi Ni Kí Ẹ Wò: Ìrìn Àjò sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Bàálù ní Hendon

Ẹni tó bá ń lọ sí RAF Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Hendon, níhà àríwá Lọ́ńdọ̀nù, kó sọ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Colindale, kó sì fẹsẹ̀ rìn. Kò jìnnà rárá. Ìwọ̀nba ọ̀nà yẹn ni awakọ̀ tasí kan ń fi gba owó gọbọi, kò tilẹ̀ tijú! Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, àmọ́ ẹni tó gbé mọ́tò wá á sanwó ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Nídìí àwọn bàálù Ogun Àgbáyé Kìíní, ẹ́ńjìnnì àti ìbọn ni gbogbo èèyàn ń yà ní fọ́tò. Iṣẹ́ ọwọ́ gan-an wà láàárín apá òkè àti apá ìsàlẹ̀: òpó igi tó wà láàárín apá méjèèjì. Ẹ dúró ti Sopwith Camel, bàálù ogun ti ọdún 1917, kí ẹ wo òpó rẹ̀ dáadáa. Ó ki láàárín, ó tẹ́ẹ́rẹ́ lókè nísàlẹ̀. Kì í ṣe fáàrí. Wáyà tó dábùú ara wọn ló ń gba fífà, òpó ló ń gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Bí ẹrù bá sì wọ òpó lọ́rùn jù, àárín ló ti ń tẹ̀ kó tó ṣẹ́. Bí ẹja ló rí bí wọ́n bá gé e níbùú wò: ó rí roboto níwájú, ó tín-ín-rín lẹ́yìn, kí afẹ́fẹ́ lè kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Igi spruce ni wọ́n sábà ń lò, torí ó fúyẹ́, ó sì gún. Igi ash wúwo jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó ń gba ìkọlù mọ́ra, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fi í ṣe ẹsẹ̀ bàálù. Ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà àti Kánádà ni ọ̀pọ̀ spruce ti wá. Lọ́dún 1917, ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni wọ́n kó wọ igbó lọ gé e. Káfíńtà tó ń tún irú òpó bẹ́ẹ̀ ṣe lónìí kò gbọdọ̀ lo pákó tí iṣan rẹ̀, ìyẹn ìlà ara igi, fi ju íńṣì 1 yà kúrò lọ́nà tààrà láàárín íńṣì 15.

Àwọn òpó kan níhò nínú: ìlàjì méjì tí wọ́n gbẹ́, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, tí wọ́n sì fi aṣọ ọ̀gbọ̀ wé kó má baà là. Omi ni ọ̀tá gọ́ọ̀mù ayé ìgbà yẹn. Ìdí òpó, níbi tó ti wọnú fìlà irin, ni omi ń sá pamọ́ sí, ibẹ̀ ni ìjẹrà sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ wáyà: bí wọ́n bá fà á le jù, òpó á ti tẹ̀ kí bàálù tó kúrò nílẹ̀.

Sopwith Triplane tó wà níbẹ̀ ló wù mí jù. Apá mẹ́ta ló ní, síbẹ̀ òpó fífẹ̀ kan péré ló so wọ́n pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan.