Ọgbọ̀n Ègé, Kúbùsù Kan: Bí A Ṣe Ń Mọ Aṣọ Híhun Dunjú

Ẹni tó bá ti mọ níìtì àti pọ́ọ̀lù, ìyẹn oríṣi ojú méjì tí a fi ń fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì hun aṣọ bíi súwẹ́tà, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì tíì dá lórí iṣẹ́ tó ju ìyẹn lọ, kúbùsù oníègé ni mo máa ní kó bẹ̀rẹ̀. Ègé onígun mẹ́rin la ó máa hun lọ́kọ̀ọ̀kan, oríṣi iṣẹ́ kan fún ègé kan, lẹ́yìn náà la ó wá rán gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ọ̀kan náà la ó tú, kò dà bíi súwẹ́tà. Ohun tó ń kọ́ni níbẹ̀ gan-an ni pé gbogbo ègé gbọ́dọ̀ bára mu. Ègé tí èèyàn kàn hun dánra wò lè fẹ̀, ó lè sún kì, kò sẹ́ni tó máa bi í. Èyí tí a máa rán mọ́ èkejì kò láǹfààní yẹn.

Ẹ jẹ́ kí ègé kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 ní ìbú, 20 ní òró. Márùn-ún ní ìbú, mẹ́fà ní òró, kúbùsù á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 100 ní ìbú, 120 ní òró kẹ́ ẹ tó hun etí sí i. Irú òwú kan náà ni kẹ́ ẹ lò dópin. Èyí tí wọ́n kọ nọ́mbà 4 sí lára (bí òwú ṣe nípọn tó ni nọ́mbà yẹn ń sọ), pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ìhunṣọ mìlímítà 5, ló rọ ọwọ́ lọ́rùn jù. Kó jọ̀lọ̀, kí àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́ díẹ̀: ojú, ìyẹn ìkọ́ òwú kọ̀ọ̀kan tí a ń hun, kì í hàn nínú òwú dúdú, èyí tó sì ní irun lára máa ń so kọ́ra tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú u. Ẹ kọ́kọ́ ra ìdì kan, ẹ fi hun ègé kan, ẹ gbé ègé náà sórí òṣùwọ̀n. Ìlọ́po 30 ìwúwo yẹn, pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ lórí, lẹ máa lọ rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí nọ́mbà aró ara wọn, èyí tó ń fi hàn pé wọ́n jọ pa wọ́n láró ni, sì jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọ̀ tó jọra nínú ìdì lè yàtọ̀ gedegbe nígbà tí wọ́n bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ọwọ́ kálukú ló ní bó ṣe ń fa òwú. Òwú nọ́mbà 4 sábà máa ń fúnni ní ojú 18 nínú sẹ̀ǹtímítà 10 lórí abẹ́rẹ́ yìí, ìyẹn ojú 36 fún ègé wa. Ẹ kó ojú 30 sórí abẹ́rẹ́, ẹ hun ún dé sẹ̀ǹtímítà 12, kẹ́ ẹ fi rúlà ka ojú tó wà láàárín, ẹ má ka ti etí. Bó bá jẹ́ 20, ọwọ́ yín le, ẹ bọ́ sórí abẹ́rẹ́ 5.5. Bó bá jẹ́ 16, ọwọ́ yín dẹ̀, ẹ lo 4.5. Abẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ pààrọ̀. Ẹni tó bá ní òun máa fipá dẹ ọwọ́ òun, tó bá dé ìlà kẹwàá ọwọ́ náà á ti padà síbi tó wà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ rèé: wọ́n á kó ojú 36 fún gbogbo ègé, ẹnu á wá yà wọ́n pé ọ̀kan fẹ̀, ọ̀kan kéré. Oríṣi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń fa aṣọ. Níìtì ní gbogbo ìlà máa ń fẹ̀, ó sì kúrú. Ìlà méjì rẹ̀ á yọ ebè kan bíi ti oko, ebè kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó bí ojú kan ṣe fẹ̀ tó. Nítorí náà ojú 34 àti ebè 34, ìyẹn ìlà 68, ló máa dọ́gba. Níìtì ní iwájú, pọ́ọ̀lù ní ẹ̀yìn, gba ojú 36, ìlà 48 péré. Òun ló sì máa ń ká: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ká sẹ́yìn, òkè àti ìsàlẹ̀ á ká síwájú. Ẹ fi níìtì ojú mẹ́ta ṣe etí fún un lọ́tùn-ún lósì, àti ìlà mẹ́fà lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí etí ẹ̀gbẹ́ ju ojú mẹ́ta lọ, torí níìtì tó kúrú yẹn á fa àárín sókè, ègé á sì wú bí ikùn.

Ríìbù méjì-méjì (níìtì méjì, pọ́ọ̀lù méjì), irú èyí tó máa ń wà lẹ́nu ọwọ́ súwẹ́tà, máa ń súnra kì gan-an. Ẹ kó bí ojú 46. Léèsì, ìyẹn iṣẹ́ oníhò-ihò, ní tiẹ̀ máa ń là, 33 lè tó o. Iṣẹ́ okùn lílọ́, níbi tí ojú ti ń gba orí ara wọn kọjá bí okùn, máa ń fa aṣọ wọlé: fún okùn olójú mẹ́fà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ojú méjì kún un ní ìlà tó kẹ́yìn etí ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì dín in kù padà kí etí òkè tó bẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn iye yìí, rúlà ló máa sọ èyí tó tọ́ fún ọwọ́ yín.

Ègé mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹ má kúrò lórí níìtì àti pọ́ọ̀lù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́ bí a ṣe ń fi ojú kún iṣẹ́ àti bí a ṣe ń dín in kù. Ègé tó ń ti igun lọ sí igun ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú mẹ́ta, ẹ máa hun níìtì, ẹ máa fi ojú kan kún un níbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan títí ẹ̀gbẹ́ á fi pé sẹ̀ǹtímítà 20, kẹ́ ẹ wá máa dín ọ̀kan kù ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Igun rẹ̀ á dọ́gba bí ọwọ́ yín bá le, bó sì dẹ̀. Èkejì rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó ojú 69, kẹ́ ẹ sàmì sí èyí tó wà láàárín, kẹ́ ẹ máa hun ojú mẹ́ta pọ̀ di ọ̀kan níbẹ̀ ní gbogbo ìlà iwájú títí yóò fi ku ẹyọ kan.

Okùn lílọ́ kò le tó bó ṣe rí lójú. Ẹ yọ ojú mẹ́ta sórí abẹ́rẹ́ kékeré kan, ẹ hun mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ wá hun mẹ́ta tó ń dúró. Bí abẹ́rẹ́ kékeré bá wà níwájú, okùn á wọ́ sósì. Bó bá wà lẹ́yìn, á wọ́ sọ́tùn-ún. Ìlà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ láàárín lílọ́ méjì dára. Mẹ́rin máa ń mú kí aṣọ le gan. Bí ẹ bá rí i lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé ẹ ti lọ́ ọ sódì, ẹ má tú gbogbo ègé. Ojú mẹ́fà yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó jábọ́ dé ibi àṣìṣe, kẹ́ ẹ tún wọn hun pẹ̀lú òwú tó wà níbẹ̀.

Nínú léèsì, gbogbo ihò tí ẹ bá fi yíyí òwú ká abẹ́rẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ ní ojú méjì tí a hun pọ̀ tó máa san án padà. Ẹ ka ojú ní gbogbo ìlà ẹ̀yìn. Bí ọ̀kan bá dín, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbàgbé láti yí òwú ká. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gbé òwú tó dábùú láàárín ojú méjì ní ibẹ̀, ó ti di ojú. Lẹ́yìn ìlà mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹ fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ tí ojú rẹ̀ fẹ̀ fa òwú tínínrín kan gba inú gbogbo ojú tó wà lórí abẹ́rẹ́. Bí nǹkan bá dàrú, ibẹ̀ lẹ máa tú u dé, kò ní kọjá ibẹ̀.

Àwọ̀ méjì nínú ìlà kan, irú ti Fair Isle, erékùṣù kan ní Shetland ní Skọ́tílándì, ló yẹ kó kẹ́yìn. Òwú tí a kò lò á máa gba ẹ̀yìn kọjá. Bó bá le, ègé á rún. Kí ẹ tó pààrọ̀ àwọ̀, ẹ fa ojú tó wà lórí abẹ́rẹ́ ọ̀tún gbòòrò, ẹ má sì jẹ́ kí òwú ẹ̀yìn fo ju ojú márùn-ún lọ.

Bí ojú bá ń pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹ fi kún un, ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan nínú nǹkan méjì: òwú gba orí abẹ́rẹ́ níbẹ̀rẹ̀ ìlà, tí ojú àkọ́kọ́ wá dà bíi méjì, tàbí ẹ fi òwú sílẹ̀ níwájú nígbà tí ẹ ń ti pọ́ọ̀lù bọ́ sí níìtì. Ojú tó jábọ́ kò tó ohun à ń kígbe fún. Ẹ fi ìkọ́ kíróṣé gbé e gba orí òwú tó dábùú bí àtẹ̀gùn lókè rẹ̀ ní ìlà-ìlà.

Kẹ́ ẹ tó rán ohunkóhun, ẹ rẹ ègé sínú omi tútù fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ fi aṣọ ìnura tẹ̀ ẹ́, ẹ má fún un, kẹ́ ẹ fi píìnì nà án dé sẹ̀ǹtímítà 20 títí á fi gbẹ. Òwú irun àgùntàn á dúró síbi tí ẹ nà án sí. Ákírílíìkì, ìyẹn òwú àtọwọ́dá, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ti omi. Ooru tó ń ti áyọ́ọ̀nù jáde ló máa ń gbọ́, àmọ́ ẹ gbé áyọ́ọ̀nù náà sókè, kó má fara kàn án: bí ooru bá pọ̀ jù, á rọ jọ̀bọ̀, kò sì ní padà bọ̀ sípò mọ́ láéláé.

Ẹ tẹ́ gbogbo ègé sílẹ̀, ẹ tò wọ́n, ẹ rán wọn pọ̀ ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, kẹ́ ẹ wá rán ọ̀wọ́ mọ́ ọ̀wọ́. Ní ti etí kúbùsù, ẹ lo abẹ́rẹ́ onírọ́bà gígùn (abẹ́rẹ́ méjì tí rọ́bà so pọ̀), ẹ mú ojú kan nínú ebè kan. Ní igun kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ojú kan kún un lápá méjèèjì ojú igun ní ìlà méjì-méjì. Bí ẹ bá fẹ́ pa ojú rẹ̀ dé níparí kó má bàa tú, ẹ lo abẹ́rẹ́ tó fi ìwọ̀n kan tóbi ju èyí tí ẹ fi hun ún lọ, torí ìpadé tó bá le á ká gbogbo igun kúbùsù náà sókè.