Irùngbọ̀n Mi Di Ẹ̀rí Nínú Kẹ́místírì

Èépá funfun ti bo ìsàlẹ̀ kẹ́tùlù wa. Mo fi kànìnkànìn họ ọ́ títí, mo da omi gbígbóná sí i, mo sinmi, mo tún họ ọ́. Kò mira.

Àbúrò mi obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kẹ́místírì, jókòó sídìí tábìlì, ó ń há ohun tó ń yòrò nínú omi àti ohun tí kì í yòrò sórí. "Gbogbo náítréètì ń yòrò. Gbogbo iyọ̀ sódíọ́ọ̀mù tí a ń lò ń yòrò. Kábọ́nétì kì í yòrò, àfi ti sódíọ́ọ̀mù, pòtásíọ́ọ̀mù àti amóníọ́ọ̀mù." Bí ẹní ń ki oríkì ló ṣe ń kà á.

Ó gbójú sókè. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kàn ń da ara yín láàmú ni. Kálísíọ́ọ̀mù kábọ́nétì lẹ ń họ yẹn. Nínú odidi lítà omi kan, bíi mílígíráàmù 13 péré ló lè yòrò. Ẹ bu ọtí kíkan sí i."

Inú mi ò dùn. Ṣebí èmi náà ṣe kẹ́místírì nílé ìwé! Lóòótọ́, ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù sí mi lórí ni ọjọ́ tí tíṣà da omi lẹ́ẹ̀dì náítréètì pọ̀ mọ́ ti pòtásíọ́ọ̀mù áyódáìdì. Méjèèjì ò láwọ̀, àfi bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹ́lò ṣe yọ lójijì, tí gbogbo kíláàsì hó yèè. Ṣé ẹni tójú rẹ̀ ti rí ìyẹn ni ọmọdé yóò máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ kẹ́tùlù?

Síbẹ̀, mo da ìdajì lítà ọtí kíkan sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó díẹ̀díẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ bí òṣìṣẹ́ tí wọn ò tíì sanwó fún. Ni ọgbọ́n àgbọ́njù bá gbé mi: ọtí kíkan ń fọ nǹkan, béékìn sódà ń fọ nǹkan, tí akọni méjì yìí bá pawọ́ pọ̀ ńkọ́? Mo bu ṣíbí ńlá mẹ́ta sódà lé e. Nítorí òórùn, mo yára dé e, mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìdérí mọ́lẹ̀, mo wá bẹ̀rẹ̀ yọjú wo ẹnu kẹ́tùlù bóyá nǹkan ń ṣẹlẹ̀.

Nǹkan ṣẹlẹ̀. Ìfófó tú jáde látẹnu kẹ́tùlù, ó gbá mi lójú, ó wọ imú, ó dúró sí irùngbọ̀n mi bí òwú. Mo fi ìdérí sílẹ̀ kí n lè nujú, ni èyí tó kù bá gba òkè yọ, ó di orí ìwé àbúrò mi.

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú kálámù, ó ṣírò ó fi hàn mí: gáàsì kábọ́ọ̀nù dàíóksáìdì tí mo dá sílẹ̀ súnmọ́ lítà 10, kẹ́tùlù wa ò sì gbà ju lítà méjì lọ. Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn akọni mi ti para wọn. Ásíìdì ti tán lára ọtí kíkan, sódà náà ti tán, ohun tó kù ò ju omi àti sódíọ́ọ̀mù ásítéètì lọ.

"Ìyẹn sì ń yòrò," ni mo sọ, kí n lè fi hàn pé mo gbọ́ nǹkan kan.

"Ó ń yòrò, Bọ̀ọ̀dá. Èépá yín ni ò yòrò."

Mo wo inú kẹ́tùlù. Èépá wà níbẹ̀, digbí. A da ọtí kíkan nìkan sí i, a fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, a ṣàn án dànù. Kẹ́tùlù mọ́ tónítóní.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo rí ìwé rẹ̀ lórí tábìlì, pẹ̀lú àbàwọ́n ìfófó lójú ewé. Tíṣà bi wọ́n pé, "Nígbà tí ásíìdì bá pàdé kábọ́nétì, kí ló ń fi hàn pé gáàsì jáde?" Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Irùngbọ̀n ẹ̀gbọ́n mi."

Tíṣà máàkì í, ó gbà á.