Lẹ́tà ti dé, wọ́n ti gbà mí: ẹ bá mi dúpẹ́

Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga. Wọ́n ti gbà mí. Èmi tí wọ́n ní mo ti pẹ́ jù, èmi tí mo wọ yunifásítì nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń kọ́lé, tí mo dàgbà tó ìyá àwọn kan lára àwọn tí a jọ jókòó ní kíláàsì, èmi náà ni mò ń lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín ní oṣù Kẹjọ yìí. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Mo ti pè é!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ ìdí tí mo fi dákẹ́ láti ọjọ́ yìí. Mo ní mi ò ní sọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Ó ti yanjú wàyí, oore tí wọ́n sì ṣe fún mi kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń gbé mì.

Ẹ̀gbọ́n mi dókítà ni màá kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. A ò bá ara wa tan o. Eyín ni mo lọ tọ́jú lọ́dọ̀ wọn, wọ́n gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi Yorùbá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní iṣẹ́ alẹ́ ni, mo sì ń lọ sílé-ìwé lọ́sàn-án. Wọ́n ní kí ni mò ń kọ́ níbẹ̀. Mo ní báyọ́lọ́jì. Wọ́n ní, "Kó o wá fi ṣe kí ni?" Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Wọn ò wo ojú mi bóyá ó ti ń hun. Wọ́n ní, "Máa bọ̀ níbí lọ́jọ́ tí o kò bá ní kíláàsì. Wá dúró tì mí, kó o máa wò."

Ẹni tí kò bá mọ bí nǹkan ṣe rí ní Amẹ́ríkà lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe tóbi tó. Àwọn ilé-ìwé dókítà eyín fẹ́ kí ènìyàn ti dúró ti dókítà fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó kọ̀wé wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fẹ́ lẹ́tà láti ọwọ́ dókítà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tí bàbá wọn jẹ́ dókítà kì í wá a kiri. Àwa tí a kò lẹ́nìkan ni à ń kanlẹ̀kùn tí wọn kì í ṣí i. Mi ò tiẹ̀ tíì kàn án kí Ọlọ́run tó ṣí i.

Bí aláìsàn bá ti lọ, Ẹ̀gbọ́n á ní, "Kí lo rí?" Bí mo bá ní mo rí ihò, wọ́n á ní, "Apá ibo? Ṣé ó ti dé ibi iṣan?" Nígbà tó yá, wọ́n gbé ọṣẹ àti ọ̀bẹ kékeré fún mi, wọ́n ní kí n fi ọṣẹ náà gbẹ́ àwòrán ọ̀kan nínú àwọn eyín ńlá ẹ̀yìn. Wọ́n ní ìdánwò ìwọlé àwọn ará Kánádà ní apá kan tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ti ń gbẹ́ ọṣẹ. Ti Amẹ́ríkà kò ní in, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọwọ́ ni dókítà eyín fi ń jẹun. Wọ́n gba eyí tí mo kọ́kọ́ gbẹ́, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n fi ìka hàn mí ibi tó nípọn jù. Wọ́n ní, "Gbẹ́ òmíràn." Wọn ò rẹ́rìn-ín rárá. Mi ò lè gbàgbé pé wọn ò rẹ́rìn-ín.

Àwòrán ọkùnrin kan wà lára ògiri ọ́fíìsì wọn, Robert Tanner Freeman. Ọmọ àwọn tó ti jẹ́ ẹrú rí ni. Àwọn ilé-ìwé kan kọ̀ ọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀ kí yunifásítì Harvard tó gbà á, nígbà tó sì di 1869 òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba oyè dókítà eyín ní Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ tí mo ń sunkún nítorí organic chemistry, ẹ̀ka kẹ́místrì kan tó le, Ẹ̀gbọ́n ò ní kí n dákẹ́. Wọ́n nawọ́ sí àwòrán yẹn, wọ́n ní, "Wọ́n kọ èyí. Ìwọ, ta ló ti kọ̀ ọ́? Fọ́ọ̀mù lásán, o ò tíì kọ ọ́."

Ìdánwò DAT, ìyẹn ìdánwò ìwọlé sí ilé-ìwé dókítà eyín, ni ibi tí ẹ̀rù ti bà mí jù. Mo ti múra sí báyọ́lọ́jì àti kẹ́místrì, ìyẹn ò dẹ́rù bà mí. Apá tí wọ́n fi ń wo ojú inú ènìyàn ni: ìbéèrè 90 láàárín ìṣẹ́jú 60. Wọ́n á ya igun mẹ́rin, wọ́n á ní kó o tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù. Wọ́n á ká bébà, wọ́n á lu ihò sí i, wọ́n á ní ibo ni ihò yóò wà bí wọ́n bá tú u. Mo dé ibi igun, gbogbo igun dọ́gba lójú mi. Mo ṣẹ́jú, wọ́n ṣì dọ́gba. Aago ń lọ, àyà mi ń lù kìkì. Ohùn gbogbo àwọn tó sọ pé ọpọlọ àgbà kì í gbẹ̀kọ́ mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí dún sí mi létí. Mo ní, "Olúwa, má jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín." Mo gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì, mo sì ń yí wọn bí ẹni pé ọṣẹ ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí mo gbójú padà, igun kan ti fẹjú ju èkejì lọ. Ẹ̀yin ará, mi ò mọ bí mo ṣe parí ìyókù.

Lẹ́yìn fọ́ọ̀mù àti íńtáfíù, ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ni àwọn ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ sí fi ìròyìn ayọ̀ ránṣẹ́. Ọjọ́ yẹn kọjá, kò sẹ́ni tó pè mí. Ọdún tuntun wọlé. Àwọn kan ti ń bi ọkọ mi pé ṣé mo ti ń wá nǹkan mìíràn ṣe. Kò dá wọn lóhùn. Òun ló ń fi àwọn ọmọ sùn lálẹ́, òun ló ń jí wọn, kò sì fìgbà kan bi mí pé ìgbà wo ló máa parí. Olówó orí mi, Ọlọ́run á dá ẹ lọ́lá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀ ń gbà mí nímọ̀ràn ńkọ́? Ẹnìkan wà nílé-ìwé wa tí wọ́n ń sanwó fún láti tọ́ wa sọ́nà. Ó wo ìwé mi, ó wo ojú mi, ó ní níbi tí ọjọ́ orí mi dé yìí, ṣé kò ní sàn kí n wá ohun tó yá. Òfin ti wà ní Amẹ́ríkà láti 1975 tí kò jẹ́ kí ilé-ìwé tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ fi ọjọ́ orí lé ènìyàn. Bí òfin ò bá fi lé mi, kí ló dé tí ẹ̀yin fẹ́ fi lé mi? Àti ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí tẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ mi ṣe àpẹẹrẹ fáwọn ọmọ yín: mo gbọ́ ọ. Mo ti dárí jì yín. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pa ìlàkàkà ẹlòmíràn mọ́, torí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀gbọ́n tí mo ní.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀: fọ́ọ̀mù AADSAS, èyí tí a fi ń kọ̀wé sí ilé-ìwé dókítà eyín, máa ń ṣí ní oṣù Karùn-ún, ọ̀kan ṣoṣo tí ẹ óò fi ránṣẹ́ sí ilé-ìwé púpọ̀. Ẹ tètè fi sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe ń dé ni. Ẹ má fi èsì ilé-ìwé kankan tí ẹ ti lọ rí pamọ́. Kọ́ọ̀sì tí ẹ bá sì tún ṣe, àti èsì àkọ́kọ́ àti èsì ẹlẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n máa kà. Ẹ bá àwọn olùkọ́ yín sọ̀rọ̀ lẹ́tà ìjẹ́rìí tí wọ́n máa kọ fún yín nígbà tí wọ́n ṣì rántí ojú yín. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nìkan dẹ́rù bà yín pé DMD ju DDS lọ, oyè dókítà eyín kan náà ni, orúkọ ló yàtọ̀.

Àròkọ nípa ara yín tí ẹ óò kọ sínú fọ́ọ̀mù náà kò gbọ́dọ̀ ju 4,500 lẹ́tà àti àmì lọ, wọ́n sì ń ka àlàfo àárín ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ má lo èyíkéyìí nínú rẹ̀ láti tọrọ àforíjì pé ẹ pẹ́ wọlé. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti sọ tèmi, mo sọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe nígbà yẹn àti ohun tó kọ́ mi nípa ara ènìyàn tó ń jẹ̀rora, òun náà sì ni wọ́n kọ́kọ́ bi mí ní íńtáfíù. Ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun ka tirẹ̀, kó fi í ránṣẹ́ kí oṣù Kẹjọ tó wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, màá ti wà ní kíláàsì.