Bàtà tó wà lára ògiri

Bàbá tó bí bàbá mi, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Dẹ́mọ pọ́ńbélé ni wọ́n, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni Akíntọ́lá, olórí ẹgbẹ́ náà tó jẹ́ Pírẹ́míà, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe? Nígbà tí Hubert Ogunde gbé eré Yorùbá Ronú jáde ní 1964, tí ìjọba Akíntọ́lá fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré ẹ̀ káàkiri Wẹ́sítàn Ríjọ̀n, Bàbá ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí sójà gbàjọba ní 1966 ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin yẹn, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi rẹ́kọ́ọ̀dù orin eré yẹn sí i nínú ilé Bàbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara wọn ò le mọ́, tí mo ń bá wọn fárí, mo gbọ́ tí wọ́n ń kọ orin yẹn wúyẹ́wúyẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọn ò fo ìlà kan. Mi ò lè bi wọ́n léèrè.

Ó ti pẹ́ tí Ogunde ti wà lẹ́nu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì 1945, ó fi ṣeré. Àwọn awakùsà 21 tí ọlọ́pàá ìjọba òyìnbó yìnbọn pa l'Enugu ní 1949, ó fi ṣeré lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n lójú tèmi ti 1964 ló le jù, torí kì í ṣe òyìnbó ló ń bá wí mọ́, àwa gan-an ni.

Ohun tó jẹ́ kí n rántí Bàbá ni iṣẹ́ tí àbúrò mi kan tó ń yàwòrán ṣe sára fẹ́ǹsì kan nítòsí gáréèjì. Ẹ mọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti ń fa iṣẹ́ ẹ̀, pé àwọn máa sọ ọ́ di àlọ sọ́tọ̀ àbọ̀ sọ́tọ̀, tá a sì ń sin òkú. A ti pariwo lórí rédíò títí ara wa fi mọ́ ọn. Ó ya ọ̀nà yẹn gbọọrọ, kò ya mọ́tò, kò ya ẹ̀jẹ̀, bàtà nìkan ló tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, sálúbàtà, bàtà sukúrù, bàtà gogoro. Lọ́jọ́ kejì ìyá ẹlẹ́kọ kan dúró síwájú ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bàtà ọmọ tèmi ò sí níbẹ̀. Kánfáàsì funfun ni, okùn ẹsẹ̀ òsì ti já." Ó yà á lójú wọn, ó já okùn ẹ̀. Báyìí làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá o, àwọn míì gbé bàtà gan-an dání, kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí fẹ́ǹsì ti kún.

Ìgbà yẹn ló wá kọ ọ́ sísàlẹ̀: TA LÓ NÍ KÍ DẸ́RẸ́BÀ TẸ̀ Ẹ́?

Ọ̀rọ̀ yẹn bí àwọn kan nínú. Ẹnì kan fi ẹrẹ̀ pa á rẹ́ lóru, ó tún un kọ. Mi ò bínú sẹ́ni tó pa á rẹ́, torí mo mọ̀ pé ó ti kà á, èmi náà sì ti jókòó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì rí tí mo ní "Dẹ́rẹ́bà, tẹ̀ ẹ́ jàre, ilẹ̀ ń ṣú."

Sátidé tó kọjá mo wọkọ̀ lọ Ọ̀yọ́. A ò tíì jìnnà tí ọmọkùnrin kan lẹ́yìn fi pariwo pé kí dẹ́rẹ́bà tẹ̀ ẹ́. Ìyá kan níwájú yíjú padà wò ó.

"Áà, ìwọ nìyẹn?"

Gbogbo ọkọ̀ dákẹ́. Dẹ́rẹ́bà rọra yọ ẹsẹ̀.