Ìwọ̀n halo nìkan kò tó

Nínú Igbó Ọ̀ṣun níbí l'Óṣogbo, igi tín-ín-rín tó wà lábẹ́ ìrókò lè dàgbà ju bó ṣe rí lójú lọ. Ìrókò ló gba oòrùn mọ́ ọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni halo kékeré tó bá múlé ti ńlá.

Halo ni òkìtì dark matter, èròjà tí kì í tan ìmọ́lẹ̀, tí gálásì (àkójọ ìràwọ̀) fi ṣe ilé. Láti ìgbà tí Kaiser, onímọ̀ nípa àgbáyé òkè, ti ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 1984 la ti mọ̀ pé àwọn tó wúwo jù ló ń ṣùjọ jù. Bí wọ́n ṣe ṣùjọ ju dark matter lápapọ̀ lọ là ń pè ní bias. Àmọ́ ní 2005, Gao, Springel àti White lo Millennium, àwòkọ àgbáyé òkè nínú kọ̀ǹpútà, tó ní èérún dark matter tó lé ní bílíọ̀nù 10 nínú àpótí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 500 Mpc/h (Mpc jẹ́ òṣùwọ̀n jíjìnnà, h sì dúró fún bí àgbáyé ṣe ń fẹ̀ tó). Wọ́n rí i pé nínú àwọn halo kékeré tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, àwọn tó tètè kó ìdajì ara wọn jọ ń ṣùjọ ju àwọn tó pẹ́ lọ. Alábàágbé ńlá ti fa oúnjẹ gbà lẹ́nu wọn. Ìyàtọ̀ tí ìwọ̀n nìkan kò lè ṣàlàyé yìí là ń pè ní assembly bias.

Ti bí àárín halo ṣe ki tó ló máa ń da ènìyàn láàmú. Nísàlẹ̀ M*, ìwọ̀n àwọn halo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kóra jọ lásìkò yìí, bíi ìwọ̀n oòrùn lọ́nà 6×10¹²/h nínú Millennium, àwọn tó ki ló ń ṣùjọ jù. Lókè rẹ̀, ó yí padà. Bí o bá da méjèèjì pọ̀, wọ́n á pa ara wọn rẹ́, wàá sì ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Nítorí náà, bí o bá fẹ́ wọ̀n ọ́n nínú àwòkọ kọ̀ǹpútà, pín ìwọ̀n wẹ́wẹ́, 0.1 ní log₁₀. Bí ìpín bá fẹ̀, ìwọ̀n náà lo tún ń wọ̀n, torí halo tó wúwo kì í sábà ki. Nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, mú 20% òkè àti 20% ìsàlẹ̀. Fi wọ́n wé dark matter, má fi halo wé halo, kí ariwo kíkéréníye má baà bò ọ́ mọ́lẹ̀: pín P_hm (bí halo àti dark matter ṣe ń ṣùjọ pọ̀) fún P_mm (bí dark matter fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣùjọ), níbi tí k kò ti tó 0.1 h/Mpc, ìyẹn ní ọ̀nà jíjìn (bí k bá ṣe kéré tó ni ọ̀nà ṣe ń jìn tó). Halo tó ní èérún 20 ṣeé kà, ṣùgbọ́n kò ṣeé wọ̀n kíki rẹ̀; ó kéré tán, wá ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Kí o tó gba èsì gbọ́, wo ìtàn ìdàgbà halo kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ti gba inú halo ńlá kọjá, wọ́n bọ́ ara sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì jáde. Yọ wọ́n kúrò, kí o rí bí èsì àwọn kékeré ṣe máa fò ṣánlẹ̀.

Lójú ọ̀run gan-an ló le jù. Ní 2016, àwọn olùwádìí kéde pé àwọn rí assembly bias lára ìdìpọ̀ gálásì. Ní 2017, iṣẹ́ mìíràn fi hàn pé gálásì tó kàn wà níwájú tàbí lẹ́yìn ìdìpọ̀ náà ni wọ́n kà mọ́ ọn.