Arère, Fóòmù àti Wáyà Méjì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Àkúrẹ́

Iná ni mo fi ń jẹun. Inverter àti bátìrì ni mò ń tún ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, nítorí náà apá ti iná nínú bàálù kékeré oníwáyà tí mò ń kàn yìí kò gba oorun lójú mi rárá. Ìwọ̀n ló ń dà mí láàmú. Gbogbo nǹkan tí mo bá gbé, mo máa kọ́kọ́ gbé e lé orí ìwọ̀n kékeré tí ìyàwó mi fi ń wọn fúláwà, débi pé ó bi mí lánàá bóyá bàálù ni mò ń kàn ni àbí kéèkì ni mo fẹ́ yan. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó gbé ṣíbí rẹ̀ kúrò lórí ìwọ̀n náà, tórí ó wúwo ju ìrù bàálù mi lọ.

Fún ẹni tí kò bá rí irú rẹ̀ rí: bàálù oníwáyà kò ní rímóòtù. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló so ó mọ́ ọwọ́ ẹni tó ń wà á. Ẹni náà á dúró láàárín pápá, bàálù á máa yí i po, òun náà á máa bá a yí. Bó bá tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, wáyà òkè á fà, ti ìsàlẹ̀ á tẹ̀ lé e lọ, pátákó onígun mẹ́ta kan tó wà ní gbòǹgbò apá á yí díẹ̀, á ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lọ dé ìrù, imú bàálù á sì kọjú sókè. Kò sí ohun mìíràn láti darí ju òkè àti ìsàlẹ̀ lọ. Jim Walker, tó ní ilé-iṣẹ́ bàálù àwọn ọmọdé ní Portland, Oregon, ló sọ eré yìí di ti gbogbo ayé ní nǹkan bí 1940. Ọkùnrin náà a máa wa mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ó á so ìkẹta mọ́ orí. Èmi ń wá bí mo ṣe máa wa ẹyọ kan.

Àwọn kan ti ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò ra dírónù kí n sinmi. Ẹni tó bá fẹ́ gbé dírónù sókè ní ilẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NCAA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú, kó tún lọ sí ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò. Mi ò ní okun ìyẹn. Àti pé ohun tí èèyàn rà kò dùn lọ́wọ́ bí ohun tó kàn.

Ọ̀rọ̀ pákó wá ni. Ara irú bàálù tí mò ń kàn yìí kò ní ikùn bí ti bàálù gidi. Pẹlẹbẹ ni, wọ́n kàn gé àwòrán bàálù látara pákó kan ni, wọ́n wá ki apá àti ìrù bọ̀ ọ́. Balsa ni àwọn ará òkè òkun ń lò, igi tó ń wá láti Ecuador, tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí o fi lè fi èékánná tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ibo ni n ó ti rí balsa ní Àkúrẹ́? Bàbá Ìbejì, káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tèmi, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

"Ẹnjiníà, arère ni. Ìpínlẹ̀ Oǹdó lo wà, o ń wá igi lọ sí ìlú òyìnbó!"

Òótọ́ ló sọ, àbọ̀ òótọ́ sì ni. Arère wa yìí náà ni wọ́n ń pè ní obeche lọ́hùn-ún, àwọn tó ń kan bàálù kéékèèké sì mọ̀ ọ́n dáadáa: wọ́n máa ń bó o ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti fi bo apá tí wọ́n fi fóòmù gé. Ó rọ̀ fún ayùn, ó ń dán bí o bá fi ṣáńpépà ra á, àfi pé kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti balsa lọ. Mo ṣírò rẹ̀: ara bàálù tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 90, tó nípọn ní mìlímítà 12, á jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 120 bó bá jẹ́ balsa. Bó bá jẹ́ arère, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 290. Gbogbo bàálù náà, tibátìrì tibátìrì, kò gbọdọ̀ ju 900 lọ o.

Bí a ṣe yanjú rẹ̀ nìyí. A ò lo arère tán, a ò sì yọ ọ́ kúrò. Bàbá Ìbejì la á sí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi ìfági fá a títí ó fi kù bí ìka ọwọ́ ọmọdé, a wá fi to etí bàálù náà yí ká bíi férémù. Àárín rẹ̀, fóòmù funfun tí wọ́n fi di tẹlifíṣọ̀n nínú páálí ni mo gé bọ̀ ọ́. Imú nìkan ni a fi pákó kún, torí ibẹ̀ ni íńjìnnì máa dì mọ́. A fi pépà lẹ ojú méjèèjì. Gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò ni o, kì í ṣe súpà gúlù. Mo kán súpà gúlù ẹ̀kán kan péré sí àjákù fóòmù kí àwọn ìbejì lè rí i: ó ń hó díẹ̀díẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ wọlé, kó tó di pé Táíwò pa ojú dé ihò ti lu jáde lódì kejì. Gọ́ọ̀mù funfun kì í kánjú, ó fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kó tó gbẹ, ṣùgbọ́n kì í jẹ nǹkan. Lórí ìwọ̀n fúláwà, gíráàmù 150. Bàbá Ìbejì wò mí bí ẹni pé òun ló dá igi sílẹ̀.

Ohun tí mò ń rò ṣáá láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni pé gbogbo ọgbọ́n inú bàálù yìí wà fún kó lè máa fẹ́ sá fún ẹni tó ń wà á. Òjé gíráàmù 25 wà ní ṣóńṣó apá ọ̀tún, apá òde, láti gbé ìwọ̀n wáyà tó ń fa apá òsì wálẹ̀. Imú íńjìnnì yà sí ọ̀tún díẹ̀. Pátákó ìrù tó dúró lóòró náà yà sí ọ̀tún. Ibi tí wáyà ti ń jáde lápá òsì sún sẹ́yìn. Èèyàn tó bá kọ́kọ́ rí i á ní mo kàn án wọ́, wíwọ́ yẹn gan-an ló sì gbé e ró. Bàálù tó bá fẹ́ sún mọ́ ẹ, wáyà rẹ̀ á dẹ̀. Bí wáyà bá sì ti dẹ̀, o ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́, kí o máa gbàdúrà ló kù.

Nítorí náà, wáyà àti ibi tó dì mọ́ gbọ́dọ̀ le. Bó bá ń sáré mítà 19 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí wáyà mítà 15, á máa fà mí lọ́wọ́ bíi kílò méjì ó lé díẹ̀. Àṣà àwọn tó mọ̀ ọ́n ni pé kí a fi ìlọ́po mẹ́wàá ìwọ̀n bàálù dán an wò kó tó gbéra. A gbé bẹ́ǹṣì méjì súnra, a fi àlàfo sáàárín, a tẹ́ aṣọ sí i, a wá gbé ara bàálù dá àlàfo náà kọjá, apá òsì kọjú sílẹ̀. A so kẹ́ẹ̀gì mọ́ háńdù, ìyẹn ohun tí ẹni tó ń wà á fi ń di wáyà méjèèjì mú, a bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi sí i, lítà kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tó di lítà mẹ́jọ, nǹkan kan ké kíẹ̀ẹ̀. Gbogbo wa gan. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo pátákó onígun mẹ́ta náà, èyí tí mo gé láti ara bọ́ọ̀dù inverter tó ti jóná: bóòtù rẹ̀ dúró gírí, igi tó dì mọ́ kò ya. Bẹ́ǹṣì ni. Bàbá Ìbejì ní òun ti ń sọ fún ọmọṣẹ́ òun pé kó kan ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì yẹn. A bu lítà kẹsàn-án sí i.

Ìyá Ìbejì gbé iyán wá. Ẹnikẹ́ni kò ṣiṣẹ́ kankan fún ìgbà díẹ̀.

Pápá tó sún mọ́ wa jù, mo ti wọ́gi lé e. Wáyà iná ńlá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, wáyà irin lọ́wọ́ èèyàn àti wáyà iná lókè kò sì gbọdọ̀ mọ ara wọn. Ó ti pa àwọn tó ń ṣeré yìí rí lókè òkun. Pápá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lọ́nà Ìjòkà la lọ, tí òpó iná jìnnà sí dáadáa. Màmá kan tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu géètì wo bàálù, ó wo mí, ó ní ṣé Lọ́ńdọ̀nù ni mo fẹ́ fi lọ. Mo ní Ìdànrè ni mo ṣì ń lọ ná.

Ibi tí bàálù oníná ti dára ju eléepo lọ nìyí, kì í sì í ṣe torí pé òun ni mo mọ̀. Eléepo á pariwo títí àdúgbò á fi jáde, á tu epo sí gbogbo ara, ìwọ̀n rẹ̀ á sì máa yí padà bí epo ṣe ń tán. Bátìrì kún, bátìrì tán, ìwọ̀n kan náà ni. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé wáyà méjì yẹn kò lè pa íńjìnnì. Táímà ló ń pa á. O tẹ bọ́tìnnì, ó fún ẹ ní ìṣẹ́jú àáyá 30 láti rìn dé ìdí háńdù, ó tan íńjìnnì fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó pa á. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn, kò sí bẹ̀bẹ̀.

Mo ju iyanrìn sókè wo ibi tí atẹ́gùn kọjú sí. Bàbá Ìbejì di bàálù mú níbi tí atẹ́gùn á ti máa tì í síta, tó máa fi jẹ́ kí wáyà le láti ìbẹ̀rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀sẹ̀, ó wá ké yìì, mo mi orí, ó tú u sílẹ̀. Ó sáré lórí koríko tó tó ilé kan sí èkejì, ó gbéra.

Ohun tí fídíò kò lè fi han èèyàn ni ìfà yẹn. Ó wà láàyè lọ́wọ́ mi. Bí ọrùn ọwọ́ mi bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ó ti mọ̀. Bàálù nìkan ni mo tẹjú mọ́, torí bí o bá wo igi àti ilé tó ń sáré kọjá lẹ́yìn rẹ̀, òòyì á kọ́ ẹ kí o tó yí dé ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀. Ní apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀, wáyà dẹ̀, àyà mi já. Mo fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó tún le. Lẹ́yìn náà mo máa ń dé ibẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Mi ò dán òkìtì wò. Kẹ́hìndé ń pariwo pé kí n ta òkìtì, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Nígbà tí táímà pa íńjìnnì, eré ṣì wà lára rẹ̀. Mo jẹ́ kó máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó fara kan koríko, ó ta lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró láìdojú dé. Nǹkan bíi 1,300 mAh (bí a ṣe ń wọn iná inú bátìrì nìyẹn) ló padà wọlé nínú bátìrì oní-2,200 nígbà tí mo gba iná sí i, ìyẹn ni pé mo lè fi ààbọ̀ ìṣẹ́jú kún táímà láìfọwọ́ kan ìdá kan nínú márùn-ún tó yẹ kó ṣẹ́ kù nínú irú bátìrì yẹn.

Apá ọ̀tún ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ nígbà tó ń fò, gbogbo wa la rí i. Òjé yẹn pọ̀ jù. Lẹ́yìn ìsìn lọ́la, mo máa yọ gíráàmù márùn-ún, kí n tún wò ó. Àwọn ìbejì ti ń jà lórí àwọ̀ tí a máa kùn ún. Mo ti sọ fún wọn pé ọ̀dà náà ní ìwọ̀n tirẹ̀, kí wọ́n lọ gba ṣíbí lọ́wọ́ Ìyá wọn, àbọ̀ ṣíbí ọ̀dà péré ni mo fún wọn.